Níbi tí irin ti pàdé iṣan: ohun tó wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sínú ọpọlọ

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣèèṣì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá etí tábìlì rí ló mọ bó ṣe máa ń rí: nǹkan kan á ta láti ìgbọ̀nwọ́, á sáré gba inú apá lọ, á sì já sí ìka tó kéré jù lọ àti èyí tó tẹ̀ lé e, bíi pé iná gbé èèyàn. Kì í ṣe egungun ló ń dùn wá nígbà náà. Iṣan kan ló gba ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ kọjá níbi tí ẹran kò ti bò ó dáadáa, ohun tó sì sáré nínú rẹ̀ jẹ́ iná mànàmáná ní ti gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irú èyí tó ń gba orí òpó wọlé wa. Orí òtítọ́ kékeré yìí ni gbogbo ariwo tó ń lọ nípa ẹ̀rọ inú ọpọlọ dúró lé. Bí iṣan bá ń lo iná, tí ẹ̀rọ náà ń lo iná, ó yẹ kí àwọn méjèèjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Barrow ní ìlú Phoenix, ìpínlẹ̀ Arizona, lu agbárí Noland Arbaugh, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti ọdún 2016 tó ti ṣèṣe nínú omi, wọ́n sì tẹ ẹ̀rọ kan tí kò fẹ̀ ju owó ẹyọ ńlá lọ sínú ihò náà. Ilé-iṣẹ́ Neuralink, tí Elon Musk wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ló ṣe ẹ̀rọ yìí. Kò tó oṣù méjì tí Arbaugh fi jókòó níwájú kámẹ́rà, tó ń ta ayò chess lórí kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lórí fóònù wa. Àwọn kan ní ọ̀nà tí wọn yóò fi máa ka ọkàn ọmọ aráyé ló dé yìí, àwọn kan ní àmì ẹranko inú Ìwé Ìfihàn ni, àwọn mìíràn tí ẹni wọn wà lórí ìbùsùn sì ń béèrè bóyá ìwòsàn ti dé.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kíka ọkàn yìí ló ń bo àwọn ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù mọ́lẹ̀. Ohun tó le nínú iṣẹ́ yìí, tó sì ti le láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ni ibi tíntìn tí irin ti fara kan ẹran-ara: bí ara yóò ṣe gbà á, bó ṣe máa pẹ́ tó, àti ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé ara wa. Iṣan ni Yorùbá ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà là ń pe ohun tó ń fún apá lágbára, iṣan kan náà sì tún ni ohun tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ láàárín ọpọlọ àti ara. Ìkẹta yìí ni mo ń sọ. Ó dà bíi páìpù tín-ín-rín tó wà nínú omi iyọ̀. Èérún iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní sodium pọ̀ ní òde rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní potassium pọ̀ nínú rẹ̀, èérún kọ̀ọ̀kan sì gbé iná díẹ̀ dání. Nígbà tí iṣan bá ń sinmi, iná inú rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún fóltì rẹlẹ̀ sí ti òde, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú ogún agbára bátìrì rédíò kan ṣoṣo. Tí nǹkan bá ta á jí, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké ara rẹ̀ á ṣí, sodium á ya wọlé, iná á yí padà fún nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ìyípadà yẹn á jí ilẹ̀kùn tó kàn, òun náà á jí èkejì, títí iṣẹ́ tí wọ́n rán an á fi dé ibi tó ń lọ. Iṣan kò mọ èdè mìíràn sọ. Ooru, ìrora, orúkọ ẹni, orin tí a fẹ́ràn, ìtapá kan náà yìí ni gbogbo wọn ń jẹ́ nínú iṣan. Ibi tó ti wá, ibi tó ń lọ àti bó ṣe ń yára tẹ̀ léra tó ni ọpọlọ fi ń dá wọn mọ̀.

Ọ̀pọ̀lọ́ ló ṣáájú nínú ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ. Àmì ohùn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀, a ó sì padà sórí ìyẹn. Ní ìlú Bologna ní Ítálì, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Luigi Galvani rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú máa ń ta pọ́n-ún nígbà tí iná bá kan iṣan rẹ̀, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní ọdún 1791. Ó tó nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1952, kí Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi ìṣirò ṣàlàyé bí ìtapá náà ṣe ń rìn. Iṣan ẹran inú òkun tí wọ́n ń pè ní squid ni wọ́n lò, nítorí ó nípọn débi pé ojú lásán lè rí i, èèyàn sì lè ti wáyà bọ inú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1963.

Àlàyé ti dé, ṣùgbọ́n irin àti ẹran-ara kò tíì gbọ́ èdè ara wọn. Nínú wáyà, èérún tíntìn inú irin tí wọ́n ń pè ní elẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń gbé iná. Nínú ara, èérún iyọ̀ ló ń gbé e, kò sì sí èyí tó lè wọ ilé èkejì. Níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, iná tó kó jọ sí etí irin kàn ń ti èérún iyọ̀ tó wà lódìkejì síwá-sẹ́yìn ni, bí ẹni méjì tó ń ti aṣọ ìkélé láti ìhà méjèèjì láìrí ara wọn. Tí iná bá pọ̀ jù, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, omi ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, iṣan tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́ á sì kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo irin bíi platinum tí kì í tètè dípẹtà, tí wọ́n sì ń rí i dájú pé iye iná tó wọlé náà ni wọ́n fà padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ọdún 1991, Peter Fromherz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé sẹ́ẹ̀lì iṣan kan tí wọ́n yọ lára eṣúṣú lé orí transístọ̀, ẹ̀yà kékeré inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fi sílíkọ́nì ṣe, ìbòrí tíntìn kan là wọ́n láàárín, transístọ̀ náà sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà ta. Kò sí ohun tó ṣàn láti ara ọ̀kan sí èkejì. Aṣọ ìkélé nìkan ló mì.

Ìnira kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú iná rárá. Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ewé, ó sì ń mì díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlù ọkàn àti gbogbo èémí tí a ń mí. Ẹ gún abẹ́rẹ́ sínú ẹ̀kọ náà, kí ẹ wá gbé àwo rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà oníkòtò: abẹ́rẹ́ kò ní tẹ̀, ẹ̀kọ ni yóò máa ya. Ara kò sì ní wòran. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ọpọlọ á yí àlejò náà ká, wọ́n á fi àpá mọ odi yí i ká, ohùn iṣan tó wà lẹ́yìn odi á sì máa lọ sílẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Tí a bá fẹ́ rí ibi tí ìpàdé yìí ti yọrí sí rere, etí ni ká wò. Ní Paris ní 1957, André Djourno àti Charles Eyriès fi wáyà kan iṣan etí adití kan, ọkùnrin náà sì gbọ́ ìró. William House tẹ̀ lé wọn ní Los Angeles ní 1961, Graeme Clark sì ṣe tirẹ̀, tó ní ẹnu wáyà púpọ̀, ní Melbourne ní 1978. Àjọ FDA, tó ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ti House ní 1984, ó fọwọ́ sí ti Clark ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Lónìí, irú ẹ̀rọ yìí tí wọ́n ti fi sétí àwọn èèyàn kárí ayé ti lé ní mílíọ̀nù kan. Kò jọ ẹ̀rọ agbọ́ràn tí àwọn àgbàlagbà ń fi kọ́ etí, torí pé ìyẹn kàn ń gbé ohùn sókè ni, ó sì ń gbé e fún etí tó ṣì lè gbọ́ díẹ̀. Eléyìí fo etí dá, ó lọ bá iṣan fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan. Ìyá kan pe ọmọ rẹ̀: "Bọ́lá!" Gbohùngbohùn kékeré tó wà lẹ́yìn etí ọmọ náà gbà á, kọ̀ǹpútà tíntìn tó so mọ́ ọn sì gé ìró náà sí ọ̀nà-ọ̀nà, ohùn tó lọ sókè sọ́tọ̀, ohùn tó wálẹ̀ sọ́tọ̀. Ìdè róbótó kan tí mágínẹ́ẹ̀tì dì mọ́ awọ orí fi rédíò rán ìròyìn yìí gba inú awọ kọjá sí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, láìsí ihò kankan lára. Láti ibẹ̀ ni wáyà ti wọ inú egungun etí, níbi tí ohun kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín lẹ́ẹ̀méjì àbọ̀. Ẹnu ìgbín yìí ló ń gbọ́ ohùn tínrín, ṣóńṣó rẹ̀ ló ń gbọ́ ohùn kíkẹ̀, bíi dùùrù tí wọ́n ká jọ. Wáyà náà ní ẹnu bíi 22, tí wọ́n tò tẹ̀ léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ta iṣan tó wà nítòsí rẹ̀. Etí tó yè kooro ní nǹkan bíi 3,500 sẹ́ẹ̀lì onírun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Pẹ̀lú 22 dípò 3,500, ọmọ náà ṣì yíjú sí ìyá rẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó o nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti iṣan.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ àti ọpọlọ ti padà wá. Ẹ̀rọ yìí ń gbé kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì dé dáadáa, ṣùgbọ́n gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn kò fi bẹ́ẹ̀ yè é, torí pé iná láti ẹnu wáyà kan máa ń tàn dé ti èkejì, ìró tó dá yàtọ̀ á sì papọ̀. Fún ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, orin ni èyí máa ń bàjẹ́ jù. Fún àwọn ọmọ tó ń sọ Mandarin àti Cantonese, èdè Ṣáínà méjì tó ń fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa, ìwádìí ti fi hàn pé ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ló máa ń ṣòro fún wọn láti dá mọ̀. Mandarin tilẹ̀ ní àsàlà díẹ̀: ohùn rẹ̀ kan máa ń gùn ju òmíràn lọ, òmíràn máa ń já wálẹ̀ lójijì, ẹ̀rọ sì lè gbé ìyẹn. Tiwa dúró lórí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ lásán. Igba, igbá, ìgbà: kí ló kù fún ẹni tí gíga ohùn kò dé etí rẹ̀ láti fi yà wọ́n?

Òdìkejì gángan ni ẹ̀rọ yìí. Gángan máa ń mú ohùn ọ̀rọ̀, á fi kọ́ńsónáǹtì sílẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ ìlù mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Ẹ̀rọ etí ń mú kọ́ńsónáǹtì, ó ń fi ohùn sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń gbọ́ gángan ti gbọ́ Yorùbá láti kékeré, ó fi ohun tó mọ̀ dí àlàfo, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n bí ní adití kò tíì ní ohunkóhun tí yóò fi dí i. Èmi kò rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìdí láti pa Yorùbá tì nílé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ yìí ní Ṣáínà ń sọ èdè ìyá wọn. Ohun tó fi hàn ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún èdè àwọn tó ṣe é kì í dọ́gba ní gbogbo etí.

Ti àìsàn Parkinson, tó máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, kò ní gbà wá lákòókò. Ní Grenoble ní Faransé, ní 1987, Alim-Louis Benabid rí i pé tí wáyà tó wọ inú ọpọlọ lọ́hùn-ún bá ń ta iná ní ìgbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọwọ́ tó ń gbọ̀n máa ń dúró jẹ́ẹ́. FDA fọwọ́ sí i fún ọwọ́ gbígbọ̀n ní 1997, fún Parkinson ní 2002. Kò wo àìsàn náà sàn. Tí wọ́n bá pa á, ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ awọ àyà, èyí tí kò bá sì ṣeé sáájì, wọ́n ní láti la ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan láti pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí ń bá iṣan sọ̀rọ̀ ni. Kí ẹ̀rọ máa fetí sí iṣan tún jẹ́ ọ̀nà mìíràn. Hans Berger, ní ìlú Jena ní Jámánì, ti gba iná ọpọlọ láti orí awọ orí èèyàn láti 1924, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fetí sí ọpọlọ láti òde agbárí dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn ògiri gbọ̀ngàn ìnáwó: ó mọ ìgbà tí wọ́n ń jó, ó mọ ìgbà tí ìlù dákẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ ohun tí ìyàwó sọ sétí ọkọ. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn ní láti wọlé. Richard Normann ní Yunifásítì Utah ṣe pẹpẹ kan tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju mìlímítà 4 lọ, tó ní ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi sínú ọpọlọ Matt Nagle ní Amẹ́ríkà ní 2004, tó sì fi èrò rẹ̀ darí ọfà orí kọ̀ǹpútà, ogún ọdún ṣáájú Arbaugh. Ohun tí Neuralink fi kún un ni pé òwú rírọ̀ 64 ló lò dípò abẹ́rẹ́, wọ́n tín-ín-rín ju irun orí lọ, wọ́n sì ní ẹnu wáyà 1,024. Róbọ́ọ̀tì ló rán wọn wọlé, kò sì sí wáyà kankan tó yọ jáde lórí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣan inú ọpọlọ èèyàn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú òwú orí Arbaugh yọ sẹ́yìn kúrò níbi tí wọ́n rán wọn sí. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún un ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń mì ju bí wọ́n ṣe fojú díwọ̀n lọ. Ẹ̀kọ inú ọkọ̀ náà ni. Wọ́n tún ètò kọ̀ǹpútà tó ń túmọ̀ ìró náà ṣe, ó sì ń bá ayò rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù. Synchron, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ti Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀, kò tilẹ̀ lu agbárí: ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọrùn ni wọ́n gbà gbé ẹnu wáyà 16 lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ. Ewu rẹ̀ dín kù, ohun tó ń gbọ́ náà sì dín kù.

Ní ti kíka ọkàn, ẹ wo ohun tí wọ́n ń kà. Ibi tí ọpọlọ ti ń pàṣẹ fún ọwọ́ ni òwú Arbaugh wà. Ó ní láti gbìyànjú láti gbé ọwọ́ tí kò lè gbé, kọ̀ǹpútà á sì fi ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú kọ́ bí àṣẹ ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí obìnrin kan tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ sọ ọ̀rọ̀ 62 láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn ti San Francisco sì dé 78 pẹ̀lú ẹlòmíràn, nígbà tí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere máa ń sọ nǹkan bíi 160. Àwọn méjèèjì ní láti gbìyànjú láti mi ẹnu. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn pa mọ́ sínú, tí kò gbìyànjú láti sọ, kò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà láti gbọ́. Síbẹ̀ àwọn kan ti fẹ́ tètè fi òfin dí ojú ọ̀nà. Orílẹ̀-èdè Chile tún òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe ní 2021 láti dáàbò bo ọpọlọ àti ìròyìn tó bá ti inú rẹ̀ jáde, nígbà tó sì di 2023, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ Emotiv pé kó pa ìròyìn ọpọlọ sẹ́nétọ̀ àná kan, Guido Girardi, rẹ́, èyí tó gbà láti inú ìdè orí kan tí ọkùnrin náà rà.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà tó yí gbogbo rẹ̀ padà. Oshi Agabi, tó dá Koniku sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, kò wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe wọ inú ara. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ló ń gbìn sórí ṣíìpù, kí ẹ̀rọ lè máa gbóòórùn bí imú. Ní 2017, níbi ìpàdé TEDGlobal ní Arusha ní Tanzania, ó fi ohun èlò kan hàn tó lo iṣan eku, ó ní yóò lè gbóòórùn bọ́ǹbù. Ṣùgbọ́n òun náà ní láti bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn kí wọ́n má bàa kú.

Títọ́jú ìpàdé náà ni òfin kò tíì fi bẹ́ẹ̀ bójú tó. Ilé-iṣẹ́ Second Sight ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ ojú kan tí wọ́n pè ní Argus II, tí FDA fọwọ́ sí ní 2013: kámẹ́rà kékeré lórí awò ojú, ẹnu wáyà 60 lórí awọ inú ẹ̀yìn ẹyinjú, tí afọ́jú á fi máa rí bíríkítí ìmọ́lẹ̀ àti etí ilẹ̀kùn. Àwọn tó lé ní 350 ló gbà á. Ní 2019 ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ rẹ̀ dúró, ní 2020 ó dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí irin wà lójú wọn kò sì rí ẹni tí wọn yóò pè tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ̀rọ obìnrin kan ní New York ti bàjẹ́ ṣáájú ìyẹn, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣì wà. Ó ti lo ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ó ń bọ́ láti inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn, ó ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ pí, pí, pí, ìmọ́lẹ̀ náà sì kú. Wọ́n gbìyànjú láti tún un ṣe, kò gbà. Iṣẹ́ abẹ tí wọn yóò fi yọ ọ́ léwu, nítorí náà ó fi í sílẹ̀ lójú rẹ̀.